Agbára ọkọ̀ kọ́ ló ń kọjá ẹrẹ̀

Bí wọ́n bá dárúkọ jíìpù nílẹ̀ wa, ọlá ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọn a ní lágbájá ti dolówó, ó ti ra jíìpù. Ẹ lọ sí òde ìnáwó yòówù ní Èkó tàbí Ìbàdàn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ ó rí wọn níbi tí wọ́n tò wọ́n sí lẹ́bàá títì, tí ara wọn ń dán gbinrin, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń ṣọ́ wọn nítorí àtijẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà ni kò tíì tẹ ẹrẹ̀ rí láti ọjọ́ tí olówó wọn ti rà wọ́n. Bí a bá sì ní kí olówó ọkọ̀ fi ọ̀pá jíà kejì hàn wá, kó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ̀rín ni yóò fi dá wa lóhùn. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí owó rẹ̀ o. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò ni pé ibì kan wà nílẹ̀ Áfíríkà yìí tí jíìpù kì í ti í ṣe ọ̀ṣọ́, irinṣẹ́ ni, bí ọkọ́ àti àdá. Irinṣẹ́ tí a kò bá sì kọ́ bí a ṣe ń lò ó, olówó rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ṣá.

Liberia ni mo ń sọ, Logan Town ni mo sì ń gbé níbẹ̀. Àdúgbò kan ni ní Monrovia tó jẹ́ olú ìlú wọn, lórí erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Bushrod Island. Láyé ìgbà tí àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n gba òmìnira ní Amẹ́ríkà ń wá tẹ̀dó sí etíkun yìí, Bushrod Washington, ọmọ àbúrò George Washington tó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ni ààrẹ ẹgbẹ́ tó ń kó wọn wá. Orúkọ rẹ̀ ni erékùṣù náà ń jẹ́ títí dòní. Èbúté ńlá tí wọ́n ń pè ní Freeport, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1948, kò jìnnà sí wa. Bí ẹ bá ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ṣe ṣọ́jà láyé ECOMOG, ẹ bi í léèrè Freeport, yóò sọ fún yín, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wa àti ti àwọn orílẹ̀-èdè yòókù ti gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹjọ, ọdún 1990.

Logan Town kì í ṣe àdúgbò olówó. Ilé onípáànù fara kínra, ojú ọ̀nà tóóró, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní pehn-pehn ń sá síwá sá sẹ́yìn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwa ọmọ Yorùbá kò pọ̀ níbẹ̀ bíi ti Abidjan, tí àwọn ará Èjìgbò ìlú mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ di ilé kejì, ṣùgbọ́n a wà. Táyà ni mo ń tà, tuntun àti tòkúnbọ̀, mo sì ní fọkanáísà méjì tó ń bá mi ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òjò, nítorí òun gan-an ni ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹwàá, òjò Monrovia kì í ṣe ohun tí ẹni tó dàgbà sí Èjìgbò lè rò tẹ́lẹ̀. Èyí tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan lé ní 4,500 mílímítà. Èkó tí à ń pariwo omíyalé rẹ̀ kì í sábà rí ìdajì èyí. Ọ̀nà tó ti Monrovia lọ sí Ganta létí ààlà Guinea, wọ́n ti da ọ̀dà sí i, kò burú. Ṣùgbọ́n láti Ganta, bí èèyàn bá dorí kọ Saclepea, tó gba Tappita kọjá lọ sí Zwedru, ilẹ̀ pupa ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo bá níbẹ̀ ní gbogbo ọdún tí mo fi mọ ọ̀nà náà. Nígbà òjò, ilẹ̀ pupa yìí á di ọ̀gọ̀dọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù a rì dé ìdí, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní ríbi gbà, àwọn èrò á máa dáná jẹun lẹ́bàá ọ̀nà, wọn á sì sùn síbẹ̀.

Ọ̀nà yìí ni àbúrò mi ń ná. Ọmọ ìyá mi ni, ọmọ ọdún 26. Land Cruiser àtijọ́ kan wà tí èmi àti ìyàwó mi fi èrè ọdún mẹ́ta rà. Òun ló fi ń kó táyà, ọ́ìlì ọkọ̀ àti ìrẹsì lọ sí Zwedru, tó sì ń kó èrò bọ̀. Bí ọkọ̀ náà bá bọ́ sómi, owó wa bọ́ sómi nìyẹn. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló ń jẹ́ kí n máa lajú sílẹ̀ lóru. Ọjọ́ tí mo lọ mú ọmọkùnrin náà wá láti Èjìgbò, ìyá wa dì mí lọ́wọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, “Bí o ṣe mú un lọ ni kí o ṣe mú un bọ̀ fún mi.” Kò sí àlàyé lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbàkigbà tí mo bá sì ní kí àbúrò mi rọra, èsì kan náà ló máa ń fún mi: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Land Cruiser ni. Kò sí ẹrẹ̀ tí kò lè là kọjá.”

Àwọn oníbàárà mi kan wà, òṣìṣẹ́ báǹkì, dókítà kan, ọmọ Lebanon oníṣòwò méjì àti àwọn òṣìṣẹ́ àjọ aṣèrànwọ́, tí wọ́n kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ onjíìpù. Kí òjò tó le tán lọ́dọọdún, wọ́n máa ń lo òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú igbó: wọn a kọ́ bí a ṣe ń wakọ̀ níbi tí kò sí ọ̀nà gidi, wọn a pàgọ́, wọn a sùn síbẹ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn lọ kí n lè bójú tó táyà. Mo ní mo gbà, n kò gba kọ́bọ̀, kìkì kí wọ́n jẹ́ kí àbúrò mi wa ọkọ̀ tiwa tẹ̀lé wọn, kó sì kọ́ ohun tí wọ́n bá ń kọ́. Wọ́n ní kò burú. Àbúrò mi ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé àwọn tó ń wakọ̀ lọ sí báǹkì ló fẹ́ kọ́ òun tí òun ń lọ sí Zwedru?

Ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Kẹfà, a gbéra. A gba Duala, a gun afárá odò Saint Paul, a kọjá Brewerville, a sì dé Klay, níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì: ọ̀kan lọ sí Bo Waterside ní ààlà Sierra Leone, èkejì lọ sí Tubmanburg. Ti Tubmanburg la gbà. Àpapọ̀ ìrìn náà kò ju nǹkan bí 60 kìlómítà àti díẹ̀ lọ. Ìlú yìí àti àdúgbò wa ti jọ ń bára wọn bọ̀ tipẹ́. Irin ni wọ́n ń wà ní òkè Bomi níbẹ̀. Ọdún 1951 ni rélùwéè àkọ́kọ́ ní Liberia bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin náà wá sí Freeport, kí wọ́n tó fi ọkọ̀ òkun kó o lọ. Wọ́n pa ibi ìwakùsà náà tì lọ́dún 1977, omi sì kún kòtò ńlá tí wọ́n fi sílẹ̀, ó di adágún tí wọ́n ń pè ní Blue Lake, tí òkè yí ká, tí omi rẹ̀ mọ́ bíi dígí. Nígbà ogun ẹlẹ́ẹ̀kejì, Tubmanburg ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ LURD fi ṣe ibùdó kí wọ́n tó ya wọ Bushrod Island wa lọ́dún 2003. Ọ̀nà tí ikú gbà wọ̀lú nígbà náà ni àwa gbà jáde lọ ṣeré ìgbafẹ́. Ọlọ́run ló yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó ń kọ́ wọn jẹ́ ọmọ Liberia, bàbá kan tó ti lé ní ẹni 60 ọdún, tó ti wakọ̀ fún àwọn àjọ aṣèrànwọ́ láti ìgbà ogun. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí kò fẹ́ràn ariwo. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé lẹ́nu jù: “Take time.” Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì Liberia yóò rò pé ọ̀rọ̀ aago ló ń sọ. Rárá o. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ní Logan Town, rọra, ṣọ́ra, fara balẹ̀ ni wọ́n ń wí, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ táyà ló fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì kàn mí. Ó ní kí oníkálukú jo afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ kúrò lórí 35, kó dé nǹkan bí 20. Àbúrò mi wò mí bí ẹni pé wọ́n ní kó bọ́ṣọ sílẹ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo obìnrin tó wọ bàtà gogoro tó fẹ́ la oko àkùrọ̀ kọjá, kí ẹ tún wo èyí tó bọ́ bàtà sílẹ̀ tó fi àtẹ́lẹsẹ̀ rìn. Ta ni ilẹ̀ yóò gbé mì nínú wọn? Táyà tó le koko dà bíi bàtà gogoro. Bí a bá jo afẹ́fẹ́ rẹ̀, yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, yóò fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ mú. A fi ẹfun sàmì sílẹ̀ kí a tó jo ó àti lẹ́yìn tí a jo ó tán, gbogbo wọn sì fojú ara wọn rí bí ojú ẹsẹ̀ táyà ṣe gùn sí i. Bàbá náà kìlọ̀ pé bí wọ́n bá ti padà sórí ọ̀dà, kí wọ́n tún un fẹ́ kí wọ́n tó sáré, torí táyà tó rọ̀ máa ń gbóná lórí eré, ó sì lè bẹ́.

Lẹ́yìn èyí ló dé orí ọ̀pá jíà kejì. Jíà yìí, tí wọ́n bá fà á sí ìsàlẹ̀ pátápátá, yóò sọ eré ọkọ̀ di agbára. Ọkọ̀ á máa rákò bí ìgbín, ṣùgbọ́n yóò máa fà bí akọ màlúù. Ó ní nínú irú ọkọ̀ àtijọ́ bíi tiwa, a kò gbọdọ̀ lo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ọ̀dà gbígbẹ, torí bí ọkọ̀ bá yí kọ́nà, ẹsẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn kì í rin ìrìn kan náà. Ẹrẹ̀ á jẹ́ kí wọ́n yọ̀, ọ̀dà kò ní í gbà, inú ọkọ̀ ni wọ́n á ti máa ja ìjà náà títí nǹkan yóò fi kán. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tó dagun, jíà kìíní ti ìsàlẹ̀ ni ká wà, kí ẹsẹ̀ má kan kílọ́ọ̀ṣì, kí a má sì tẹ bíréèkì pa, ẹ́ńjìnnì ni kó máa dá ọkọ̀ dúró. Kí àtàǹpàkò má sì sí nínú sítiarìn, torí bí táyà bá kọlu òkúta, sítiarìn lè ta padà kó ṣẹ́ ìka.

Gbogbo èyí ni àbúrò mi ń ṣe bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ní tòótọ́, ó mọ̀ ọ́n wà ju ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ibi odò ni ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Odò kékeré kan ló wà níwájú wa, òjò òru àná sì ti kún un. Bàbá náà kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi ọkọ̀ wọ̀ ọ́. Ó ní kí wọ́n gé ọ̀pá, kí wọ́n fẹsẹ̀ wò ó ná. Òfin rẹ̀ ni pé bí omi tó ń ṣàn bá ti ga dé orúnkún, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ tún ṣísẹ̀ kan síwájú, ì báà jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, ì báà jẹ́ ọlọ́kọ̀. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ìgbésẹ̀ kìíní, omi mu kókósẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìgbésẹ̀ kẹrin, omi ti ń gba orúnkún, ó sì ń fà á ní ṣòkòtò bí ọmọdé tó ń fa ìyá rẹ̀ láṣọ. Ó padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bó ṣe dé èbúté, ó ní èyí kì í ṣe nǹkan, ọkọ̀ òun ga ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá náà kò bínú. Ó bi í léèrè bóyá ó ti rí igbá lójú omi rí. Ó ní ọkọ̀ tó wúwo, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ pa dé dáadáa, igbá ni nígbà tí omi bá dé abẹ́ rẹ̀. Omi tó ń ṣàn tó jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà lè gbé mọ́tò kékeré. Èyí tó bá tó 60 sẹ̀ǹtímítà lè gbé ọ̀pọ̀ jíìpù lọ pẹ̀lú gbogbo èrò inú rẹ̀. Táyà tí kò bá tẹ ilẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ mẹ́rin ló ń fà, ì báà jẹ́ mẹ́wàá, òfo ni. Ó wá sọ fún àbúrò mi pé kó wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, kó yí i padà.

Ẹ̀yin ará, ẹ ò rí ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn. Ojú tì í. Ó jókòó sídìí sítiarìn fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo omi, omi náà ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló yí ọkọ̀ padà. Bàbá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn bá a pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Ẹ̀kọ́ tó le jù lọ nìyẹn, ọmọ mi. Àwọn yòókù, iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni.”

Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń la odò náà níbòmíràn, lókè, níbi tí omi kò ti ga kọjá ojúgun. Wọ́n kọ́ pé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni ká wọlé, eré kan náà ni ká máa sá, kí a má ṣe dúró. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú sínú omi jíjìn, kí a má ṣe tún un jí, torí omi tó bá wọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kò ṣeé tẹ̀ pọ̀ bí afẹ́fẹ́, yóò wọ́ irin inú ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ bá sì rì sẹ́rẹ̀, kí a má ṣe máa yí táyà lórí asán, ibojì ọkọ̀ là ń gbẹ́ nígbà náà. Kí a sọ̀ kalẹ̀, kí a mú ṣọ́bìrì, kí a wa ẹrẹ̀ iwájú táyà kúrò, kí a tẹ́ igi tàbí pákó sábẹ́ rẹ̀.

Ohun kan tó yà mí lẹ́nu ni ti okùn. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ń so okùn mọ́ irin roboto ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ àfàtẹ̀lé. Bàbá náà ní irin yẹn kò lè gba irú ìfà bẹ́ẹ̀. Bó bá já, yóò fò bí ọta ìbọn, ó sì ti pa èèyàn káàkiri ayé. Ibi tí wọ́n dìídì ṣe mọ́ egungun ọkọ̀ fún fífà nìkan ni ká so okùn mọ́. Kí a da aṣọ tó wúwo lé okùn náà láàárín, kí ẹnikẹ́ni má dúró nítòsí rẹ̀. Mo rántí iye ìgbà tí mo ti rí àwọn ọmọdé tó tò yí okùn ká tí wọ́n ń wòran, ara mi bù máṣọ.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a pàgọ́ sórí ilẹ̀ gíga, kì í ṣe etí omi, kì í sì í ṣe abẹ́ igi tó ní ẹ̀ka gbígbẹ. Oníkálukú ta àpò ẹ̀fọn rẹ̀. Wọ́n kó oúnjẹ sínú ike tó ní ìdérí nítorí eku, torí àwọn ará Liberia mọ ibà Lassa dunjú. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ ewé ọ̀dùnkún ni a jẹ. Ẹni tó bá ń bá ọmọ Liberia gbé mọ̀ pé bí kò bá tíì jẹ ìrẹsì lójúmọ́ kan, yóò sọ fún yín pé òun kò tíì jẹun. Òjò bẹ̀rẹ̀. A kóra jọ sábẹ́ tapólì kan, bàbá náà sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Ó sọ ti ọdún 2014, nígbà tí Ebola ń pa wọ́n, tí àwọn awakọ̀ ń gbé aláìsàn àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò gba inú ẹrẹ̀ kọjá, tí aládùúgbò kò sì fẹ́ bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí n kò lè gbàgbé ni ìtàn obìnrin kan tó ń rọbí ní apá Lofa, nígbà òjò kan lẹ́yìn ogun. Ọkọ̀ tó gbé e wà níwájú ti bàbá náà. Wọ́n dé odò, odò ti kún. Dírẹ́bà ọ̀hún gbọ́ igbe obìnrin náà lẹ́yìn rẹ̀, kò sọ̀ kalẹ̀ wò, ó ní ẹ̀mí ni òun gbé. Ó ta ọkọ̀ sómi. Omi gbé e bí ewé. Bàbá náà ní òun dúró sí èbúté, òun ń wo iná ẹ̀yìn ọkọ̀ náà títí ó fi kú. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ìkánjú àtigba ẹ̀mí là ló gba ẹ̀mí mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì, omi fà.”

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mo wo àbúrò mi, ó tẹ orí ba. N kò bá a sọ nǹkan kan. Ohun tí mo ti ń sọ láti ọdún méjì, àjèjì ti bá mi sọ ọ́ tán.

Lọ́jọ́ Àìkú, afárá onígi ni ẹ̀kọ́ ìkẹyìn, irú èyí tí wọ́n ń to ìtì igi méjì-mẹ́ta sí. Gbogbo èrò ló gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn kọjá. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò dúró ní ìsọdá, tí yóò máa fọwọ́ júwe fún awakọ̀. Bí ẹni méjì bá ń júwe, kí awakọ̀ dúró. Kí awakọ̀ tó wọ̀ ọ́, kó lọ fọwọ́ kan igi náà, kó mọ èyí tó ti jẹrà. Àbúrò mi lọ fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Nígbà tí a dé Klay, èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ táyà gbogbo wọn padà, a sì wọ Logan Town kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìbéèrè tí mo gbé bọ̀ láti ibẹ̀ ni mo fẹ́ bi yín. Èé ṣe tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí ni àwọn tí kò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó jẹ́ pé ìgbafẹ́ ló ń gbé e lọ sínú ẹrẹ̀, bí òjò bá rọ̀, yóò jókòó sílé. Àwọn ọmọ tó ń gun pehn-pehn, àwọn tó ń wakọ̀ èrò lọ sí ìgbèríko, àwọn tó ń gbé aláboyún, àwọn ni òjò kì í dá dúró, àwọn sì ni ẹnikẹ́ni kò kọ́. Ohun tí wọ́n bá fojú rí ni wọ́n ń kọ́, ojú tó bá sì rí i tán lè má padà wálé.

Kì í ṣe Liberia nìkan. Nílé wa, wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́dún 1977. Ti ìjọba àpapọ̀ dé lọ́dún 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n ti kọ́ wa ní bẹ́líìtì, wọ́n ti kọ́ wa ní eré àsápajúdé, wọ́n ṣeun. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ awakọ̀ tó ń kó kòkó jáde lóko ní Oǹdó, tàbí èyí tó ń kó iṣu jáde ní Òkè-Ògùn, pé kó fẹsẹ̀ wo odò kó tó fi ọkọ̀ wọ̀ ọ́? Ta ló sọ fún olówó jíìpù ní Èkó pé àgbàrá tó ń ṣàn lójú títì lè gbé ọkọ̀ rẹ̀ bí igbá? Ẹ̀kọ́ náà kò wọ́n. Ọ̀pá, ṣọ́bìrì, okùn tó dára, irin tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà, àti àgbà awakọ̀ kan tó ti rí i rí. Ọjọ́ méjì ti tó. Bí ẹgbẹ́ awakọ̀ ní gáréèjì kọ̀ọ̀kan bá lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kí òjò tó wọlé, bí àwa tí a ni ọkọ̀ bá lè gbà kí awakọ̀ wa fi iṣẹ́ ọjọ́ méjì sílẹ̀ láìyọ owó rẹ̀, ẹ̀mí tí yóò kù sílẹ̀ kò ní í kéré.

Olówó ọkọ̀ tún gbọ́dọ̀ mọ ipa tirẹ̀. Awakọ̀ tó bá mọ̀ pé ọ̀gá òun yóò bú òun bí òun bá pẹ́, kò lè yí padà lẹ́bàá odò. Àwa la máa ń fi ìbínú wa tì wọ́n sómi.

Nínú oṣù Keje ọdún náà, àbúrò mi lọ sí Zwedru. Ọjọ́ tó yẹ kó dé kọjá, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ọjọ́ kejì kọjá. Àwọn tó fi ẹrù rán an bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ìsọ̀ mi, ohùn wọn ń ga. Ìyàwó mi kò jẹun. Lọ́jọ́ kẹta ni fóònù dún. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Lẹ́yìn Tappita, omi gba orí afárá onígi kan. Mo gé ọ̀pá, mo wò ó, mo bá yí padà. Abúlé tó wà lẹ́yìn ni mo sùn sí pẹ̀lú àwọn èrò mi. Omi ti fà báyìí.” Mo bi í léèrè ìrẹsì. Ó ní òjò ti ba àpò méjì jẹ́. Mo ní kò burú.

Àwọn olówó ẹrù bínú, mo san owó àpò méjì náà, mo sì fi ẹ̀rín san án. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ nínú òjò ọdún yìí, ẹ fara balẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wò ó. Bí kò bá ṣeé kọjá, ẹ yí padà. Kò sí ẹrù kan nínú ọkọ̀ yín tí ìyá yín yóò gbà dípò yín.